Ariwo Èrò Wà Lára Orin

Àwọn tó ń gbé àwo orin àtijọ́ wá kí n bá wọn fọ ohùn rẹ̀ mọ́ sábà máa ń bẹ̀ mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ariwo àwọn èèyàn yẹn kúrò." Bó bá jẹ́ ìwàásù ni, mo lè gbìyànjú. Àmọ́ bó bá jẹ́ blues tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, mi ò ní ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí orin náà ṣe rí. Blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tó ti Mississippi gòkè lọ sí Chicago, sábà máa ń jẹ́ ìlà mẹ́ta. Olórin á kọ ìlà kìíní, á tún un kọ, á wá fi ẹ̀kẹta fèsì. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì àyè tí ìlù fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìdajì tó kù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ní stúdíò, gìtá tàbí hàmóníkà ló ń gbè é. Lójú agbo, èrò náà á dá sí i. Ẹni tó bá ti gbọ́ àpàlà tàbí fújì rí mọ̀ pé ẹni tó ń lé orin kò lè dá a ṣe láìsí ẹlégbè, kò sì yà mí lẹ́nu pé ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà kò jẹ́ kí àyè yẹn parẹ́.

Àwo tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi ni Live at the Regal, tí wọ́n gbà ní Chicago ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1964. B.B. King ni olórin. Ọkùnrin yìí kì í ta gìtá nígbà tó bá ń kọrin; bí ẹnu bá dákẹ́, gìtá á gba ọ̀rọ̀. Èyí mú kó dà bíi pé èèyàn méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn ló sì ṣe ẹnì kẹta. Nínú How Blue Can You Get, ó ń ka oore tó ṣe fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ra Ford tuntun fún un, ìyẹn ní Cadillac lòun ń fẹ́. Ó fi dọ́là mẹ́wàá ra oúnjẹ alẹ́, ìyẹn ní ó ṣeun fún ìpanu. Nígbà tó fi máa dé orí ọmọ méje tó fún un, tí obìnrin náà wá fẹ́ dá wọn padà, gbogbo ilé ti hó yèè. Ẹ yọ igbe yẹn, ẹ ó kàn rí ọkùnrin kan tó ń ráhùn.

Àní bí mo tiẹ̀ fẹ́ yọ ọ́, kò rọrùn. Ní stúdíò, a lè pín àwọn olórin síra, kí máíkì kálukú gbọ́ ẹni tirẹ̀ nìkan. Lójú agbo, máíkì olórin ń gbọ́ ìlù, máíkì ìlù ń gbọ́ gìtá, gbogbo wọn sì ń gbọ́ èrò. Àbùkù ni àwọn kan nínú wa ń pe èyí. Lójú tèmi, òun ló ń jẹ́ kí etí gbà pé inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà.

B.B. King kan náà ṣeré fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Cook County Jail ní 1970. Kó tó ta gìtá rárá, wọ́n dárúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá àti adájọ́ àgbà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì hó lé wọn lórí! Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwo náà. Ọlọ́run bá mi san án fún ẹni tí kò gé e.

Ti Muddy Waters, olórin blues ará Chicago, ní àjọ̀dún orin jazz tó wáyé ní ìlú Newport ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 3 oṣù keje 1960, tún yàtọ̀. Ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó ń bá a lu ìlù ló ń gbè é nínú Got My Mojo Working, títí tí inú èrò fi ru débi pé ó tún orin náà kọ. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló wà nínú àwo. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ráyè wọlé ti bá ọlọ́pàá jà, ìlú sì ti fagi lé ìyókù àjọ̀dún náà. Langston Hughes, akéwì, kọ ọ̀rọ̀ orin ìdágbére lójú ẹsẹ̀, Otis Spann tó ń tẹ dùùrù sì fi parí àwo náà.

Ẹ ṣọ́ra o, torí àwọn kan máa ń lẹ àtẹ́wọ́ mọ́ orin stúdíò. Bí èrò bá ń pariwo ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan, tí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kọjá láàárín tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ẹ fura. Ẹ má fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn elétí, ìyẹn headphone, ni kí ẹ lò, torí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ẹni tó ń dá olórin lóhùn sábà máa ń wà.