Ṣọ́ọ̀ṣì Onígi Orí Òkè Grabarka: Kí Ló Ti Pẹ́ Níbẹ̀?

Iṣẹ́ àtúnṣe ilé onígi ni mo ń ṣe, ọjọ́ orí ilé sì ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ìdáhùn rẹ̀ kì í rọrùn, nítorí ìtì igi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ ló ń kọ́kọ́ jẹrà. A ó gbé ilé sókè díẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, nígbà tí àwọn tó wà lókè ṣì le koko. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó wà lórí òkè Grabarka, nítòsí ìlú Siemiatycze ní ìlà-oòrùn Pólàńdì, ṣàlàyé.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ní ọdún 1710, nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn ń run àwọn ará agbègbè náà, a fi han ẹnì kan pé kí wọ́n gbé àgbélébùú gun òkè náà, kí wọ́n sì mu omi ìsun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó lọ yè, wọ́n sì fi igi kọ́ ilé àdúrà síbẹ̀ láti dúpẹ́. Àwọn kan ń pe àrùn yìí ní kọ́lẹ́rà, ṣùgbọ́n n kò gbà, nítorí nǹkan bí ọdún 1831 ni kọ́lẹ́rà tó dé Pólàńdì.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ, pàápàá ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, tí í ṣe Àjọ̀dún Ìpaláradà Olúwa. Ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni lórí kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ìjọ náà ń tẹ̀ lé. Àwọn mìíràn ń fi orúnkún yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká. Ẹni tí ara ń dùn yóò ki aṣọ ìnujú bọ omi ìsun, yóò fi nu ojú ibi tó ń dùn ún, yóò sì fi aṣọ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Àgbélébùú tí wọ́n gbé wá kò lóǹkà: òmíràn kò ju ìka ọwọ́ lọ, òmíràn sì jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ gbé léjìká.

Ní oṣù keje ọdún 1990, ẹnì kan dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì náà lóru, nígbà tí àjọ̀dún ku oṣù kan ó lé díẹ̀. Igi tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í bá iná jà. Bí ó bá ti mú ògiri, òrùlé ló kàn. Wọ́n tún un kọ́ lọ́nà tí yóò fi jọ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n bíríkì ni ògiri rẹ̀, wọ́n kàn fi pákó bò ó lára ni. Èmi ì bá fẹ́ igi láti òkè délẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó ń já àwọn tó kọ́ ọ láyà.

Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ fọwọ́ kan ògiri, ohun tí kò tíì pé ogójì ọdún lẹ fọwọ́ kàn. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo àwọn àgbélébùú tó yí i ká. Àwọn kan ti ṣú, ẹsẹ̀ wọn ti ń jẹrà nínú ilẹ̀, tuntun tí wọ́n gbé wá ní àjọ̀dún tó kọjá sì fara tì wọ́n.