Iṣẹ́ adarí ọ́kẹ́sítírà káàkiri àgbáyé

Adarí ọ́kẹ́sítírà ni ẹni tó ń dúró níwájú àwọn olóhun-èlò orin, tó ń fi ọwọ́ àti ojú sọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀, bí orin yóò ṣe yára tó, ẹni tí ohùn rẹ̀ yóò ròkè àti ẹni tí tirẹ̀ yóò rẹlẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kì í mú ohùn kankan jáde. Ọ́kẹ́sítírà ńlá sábà máa ń ní olórin 80 sí 100. Bí àwọn olókùn bá pé, fáyólìn àkọ́kọ́ lè jẹ́ 16, fáyólìn kejì 14, fíọ́là 12, sẹ́lò 10, dọ́bù báàsì 8. Àwọn onífèrè, àwọn onífèrè idẹ àti àwọn onílù ló kù. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe adarí yìí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, ìyẹn kọ́ńdọ́. Nínú ìjọ, kọyamásítà tàbí ọ̀gá akọrin ni iṣẹ́ tó sún mọ́ tirẹ̀ jù.

Láti sólífà sí ìlà márùn-ún

Ní ìwọ̀ oòrùn Kogí, láàrin àwọn Okun ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, inú ìjọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ ń rí ẹni tó ń darí orin. Míṣọ́nnárì Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, iṣẹ́ ìjọ tí a mọ̀ sí ECWA lónìí sì gbilẹ̀ láti ibẹ̀. Àgùdà àti Áńgílíkà náà ní ẹgbẹ́ akọrin tiwọn. Sólífà ni àwọn míṣọ́nnárì fi kọ́ni lórin, ìyẹn ọ̀nà tí Sarah Glover àti John Curwen gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Títí dòní, kọyamásítà lè kọ d, r, m sára bọ́ọ̀dù, kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kọ́ orin ìkórè tàbí ti Kérésì láìsí ẹni tó ń ka ìlà márùn-ún, ìyẹn ìlà tí wọ́n ń to àmì orin sí, nínú wọn.

Ìwé orin ọ́kẹ́sítírà kì í sí ní sólífà. Ojú ìwé kan lè ní ohun èlò ogún tó to lérí ara wọn, onílà márùn-ún ni gbogbo wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n kọ àti ohun tó ń dún kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́tà bíi C, F àti B♭ (B fláàtì) ni wọ́n fi ń pe ohùn. Kíláríńẹ́ẹ̀tì B♭ rí C nínú ìwé tirẹ̀, ó fọn ún, B♭ ni etí gbọ́. Họ́ọ̀nù F rí C, F tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló dún. Dọ́bù báàsì ń dún ní ọ́kítéèfù kan (láti dò sí dò kejì) sísàlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ fún un. Bí gbogbo ọ́kẹ́sítírà bá wá ń lu orin tí dò rẹ̀ wà lórí B♭, ìwé kíláríńẹ́ẹ̀tì á fi C ṣe dò, ìwé họ́ọ̀nù á fi F ṣe é. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún ọmọ sólífà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà mọ̀ pé òun ní in: dò tirẹ̀ ti ń ṣípò láti kékeré. Ohun tó kù fún un ni kó lè wo ìlà kó sì mọ ibi tí dò jókòó sí. Ibi tí sólífà ti ń jáni kulẹ̀ ni orin tó ń pa dò dà ní gbogbo ìlà méjì, bíi ti Wagner, olórin ará Jámánì. Níbẹ̀, àfi kéèyàn mọ orúkọ ohùn gan-an.

Ọwọ́ àti ìmí

Ọwọ́ ọ̀tún ló sábà ń di ọ̀pá ìdarí mú. Gígùn ọ̀pá náà a máa wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Fún ìlù mẹ́rin, ìyẹn orin tí a ń ka ọ̀kan dé mẹ́rin, ọwọ́ á wálẹ̀, á lọ sósì, á lọ sọ́tùn-ún, á gòkè. Fún mẹ́ta, á wálẹ̀, á lọ sọ́tùn-ún, á gòkè. Èèyàn lè kọ́ èyí láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó le ni ọwọ́ tó ṣáájú ìlù àkọ́kọ́, tó dà bíi pé adarí ń mí sínú. Inú ìmí yẹn ni olórin ti ń mọ bí orin yóò ṣe yára tó àti bí ohùn yóò ṣe le tó. Bí ìmí bá falẹ̀ tí ìlù tó tẹ̀ lé e sì yá, àwọn onífèrè á wọlé lọ́tọ̀, àwọn onífáyólìn á wọlé lọ́tọ̀.

Sínfónì karùn-ún ti Beethoven, tí wọ́n kọ́kọ́ lù ní Vienna ní 1808, fi èyí hàn kedere. Lójú ọmọ sólífà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ju m m m d lọ, d sì ń dúró. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kékeré kan wà ṣáájú m àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ ń wálẹ̀ nínú báà (ìpín orin) kọ̀ọ̀kan. Ìlù 108 ní ìṣẹ́jú kan ni ìyára tí Beethoven fúnra rẹ̀ kọ. Ọwọ́ bọ́ sórí ìdákẹ́, kò bọ́ sórí ohùn. Inú àyè tó kù ni wọ́n ti ń ju m mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Adarí tó bá fi ọwọ́ ka “ọ̀kan, èjì” fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ á rí i pé àwọn kan ti wọlé lórí ọ̀kan.

Ìṣòro mìíràn ni ọ̀nà jíjìn. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn fáyólìn tó wà níwájú kì í dé etí onílù tó wà ní mítà 20 sẹ́yìn títí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá á fi kọjá. Bó bá dúró gbọ́ kó tó lu tirẹ̀, tí ohùn ìlù náà sì tún rin mítà 20 padà síwájú, ó ti pẹ́ nígbà méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó jókòó lẹ́yìn fi gbọ́dọ̀ gba ojú gbọ́ ju etí lọ. Akọrin tó dúró sẹ́yìn ìjọ nígbà tí kíbọ́ọ̀dù wà níwájú ń jìyà ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pè é.

Bí iṣẹ́ ṣe ń dé

Ilé ẹ̀kọ́ orin ni ọ̀pọ̀ adarí ti bẹ̀rẹ̀; Claudio Abbado àti Zubin Mehta jókòó lẹ́sẹ̀ olùkọ́ kan náà, Hans Swarowsky, ní Vienna. Lẹ́yìn náà ni ìdíje àwọn adarí. Ti Besançon ní Faransé ti wà láti 1951; Seiji Ozawa gba á ní 1959, ó sì darí ọ́kẹ́sítírà Boston láti 1973 dé 2002. Gustavo Dudamel, ọmọ Fẹnẹsúélà, gba ìdíje Mahler ní Bamberg ní 2004, ó sì di olùdarí ọ́kẹ́sítírà Los Angeles ní 2009.

Ọ̀nà kejì ni kéèyàn jẹ́ olùrànlọ́wọ́ adarí, kó máa jókòó sí gbogbo ìdánrawò, kó sì mọ ìwé orin ọ̀gá bí ẹni pé òun ni yóò darí. Ní November 14, 1943, ara Bruno Walter, adarí tó yẹ kó darí lọ́jọ́ náà, kò yá. Leonard Bernstein, olùrànlọ́wọ́ adarí, ọmọ ọdún 25, darí ọ́kẹ́sítírà New York láìsí ìdánrawò, rédíò sì ń gbé e lọ. Oríire kọ́ nìkan. Ìwé orin náà ti wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó pè é.

Ti aláwọ̀ dúdú kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Rudolph Dunbar, ọmọ Guyana, darí ọ́kẹ́sítírà Berlin ní 1945, síbẹ̀ iṣẹ́ pípẹ́ kò tẹ̀ lé e. Dean Dixon, tí wọ́n bí sí New York ní 1915, darí ọ́kẹ́sítírà ńlá ìlú rẹ̀ ní 1941. Nígbà tí kò rí ipò gidi gbà nílé, ó kọjá sí Yúróòpù ní 1949. Ó ṣe olùdarí ní Gothenburg, Frankfurt àti Sydney kí Amẹ́ríkà tó padà pè é wá darí ní 1970. Ní Nàìjíríà, MUSON (Musical Society of Nigeria) ní Èkó ní ilé ẹ̀kọ́ orin àti ọ́kẹ́sítírà tiwọn, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ti Kàbà wá lè ti dúró níwájú fáyólìn gidi kó tó ronú ìlú òyìnbó.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti dúró, olùdarí àgbà kì í gbé lọ́dọ̀ ọ́kẹ́sítírà rẹ̀ ní gbogbo ọdún. Ọ̀sẹ̀ 10 sí 14 wọ́pọ̀, ó sì ń ṣe adarí àlejò níbòmíràn ní ìyókù. Wọ́n ń fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú dá ọjọ́. Àlejò sábà ń rí ìdánrawò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ìdajì àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti pàdánù wọn. Orin ni wọ́n fẹ́ lù. Ẹni tó bá ń rìn pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ físà tipẹ́. Físà Schengen fún ìbẹ̀wò kò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún sì sábà nílò ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀. Ìwé orin tí adarí ti fi pẹ́ńsù sàmì sí kì í wọ inú ẹrù tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà lọ́wọ́ èrò. Àpò ọwọ́ ló ń wà, nítorí bí ẹrù bá sọnù, wọ́n lè rí ẹ̀dà mìíràn yá, ṣùgbọ́n àmì oṣù mẹ́fà kò sí nínú rẹ̀.