Bí Ọ̀gá Bá Ní Òun Ò Gba Lẹ́tà Yín

Obìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́tà tó mú wá ti ya sí méjì, sẹ̀lótéèpù ló fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣe akọ̀wé níléeṣẹ́ kan. Nígbà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kà á tán, ó fà á ya lójú rẹ̀, ó ní, “N ò gbà. Padà sídìí iṣẹ́ ẹ.” Ó sì padà lóòótọ́! Oṣù méjì gbáko.

Ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà ni mo wò: “Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí ẹ yọ̀ǹda mi.” Ọmọlúàbí tá a fẹ́ ṣe ló ń kó bá wa níbí. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé wọ́n lè dá òun lóhùn pé rárá, bẹ́ẹ̀ òfin Nàìjíríà ò fún ọ̀gá kankan láṣẹ yẹn. Láti ọdún 1960, nínú ẹjọ́ Benson àti Onitiri, làwọn adájọ́ ti là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ ló ti múlẹ̀, ì báà gbà á, ì báà kọ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ṣàkó: “Mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ báyìí ni mo máa ṣiṣẹ́ mọ.” Àdúrà àti ọpẹ́ lè tẹ̀ lé e.

Ìwé àdéhùn yín ló máa sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fún wọn. Bí kò bá sọ ọ́, òfin iṣẹ́ sọ ọ́ fáwọn akọ̀wé àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára: ọjọ́ 1 fẹ́ni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fẹ́ni tó pé e.

Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Kí ẹni tó gba ọ̀kan lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára ìkejì. Bí wọ́n bá ti ní kó má gbà á, ẹ má bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì iléeṣẹ́, kẹ́ ẹ tún gbé e fún kúríà, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Wọ́n lè fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ bá ṣì wà nílé yín, ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n máa sọ ọ́ dà, nítorí náà ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ gbàwé lé e.

A tún lẹ́tà obìnrin yẹn kọ, ìlà mẹ́ta péré. Kúríà gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ 11 ló kù fún un.