Bí ẹpìyà ṣe di ẹja adágún Erelú

Torí omi mímu ni wọ́n ṣe sé odò Awon ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1961. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá. Ẹja tí àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí ní adágún Erelú lónìí, èènì ni. Odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà gba ọ̀nà kan náà di adágún.

Kí wọ́n tó sé odò, òjò ló ń pe ẹja yé. Omi á kún bo etídò, àrọ̀ á wọ inú àbàtà, á yé sára koríko. Àwọn ẹja mìíràn á gòkè odò lọ yé tiwọn. Ẹja tó bá kan ògiri dáàmù, ibẹ̀ ló ti máa ṣẹ́rí padà. Nísàlẹ̀ ògiri ńkọ́? Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ kún bo àbàtà mọ́.

Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sé odò máa ń dùn: igi àti koríko tí omi bò á jẹrà, oúnjẹ á pọ̀. Tó bá yá, á rọlẹ̀. Kainji, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọya lọ́dún 1968, ló fi èyí hàn jù. Àwọn ẹja ẹlẹ́nu gígùn tó pọ̀ nínú odò tẹ́lẹ̀ dín kù kíá. Citharinus, ẹja pẹlẹbẹ nì, gbilẹ̀ fún ọdún díẹ̀, òun náà sì rẹlẹ̀.

Ẹpìyà ní tiẹ̀ kò nílò omi tó ń ṣàn. Oríṣi kan máa ń yé sórí ilẹ̀ níbi tí omi ò jìn, á sì máa ṣọ́ ọ. Òmíràn ń kó ẹyin sẹ́nu. Bí wọ́n bá fa omi jù lẹ́ẹ̀rùn, tí etí adágún sún sẹ́yìn, ẹyin ti àkọ́kọ́ á gbẹ sórí iyẹ̀pẹ̀. Èkejì á gbé tiẹ̀ tẹ̀lé omi.

Ìsàlẹ̀ adágún ni ewu tó kù wà. Atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi kì í tó níbẹ̀, nítorí ohun tó ń jẹrà ti gbà á tán. Bí ìjì òjò bá ru omi ìsàlẹ̀ sókè, ẹja á máa yanu lójú omi láàárọ̀ kùtù, ọ̀pọ̀ á kú. Àwọn èèyàn á ní ẹnìkan ló da Gamalín, oògùn apakòkòrò, sódò. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo àrọ̀: ó lè mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Tí ẹpìyà bá kú lọ súà tí àrọ̀ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìtó atẹ́gùn ló pa wọ́n, kì í ṣe májèlé.