Ọjọ́ Ìsinmi: bí òfin ṣe ń yà fún àánú

Nínú Òfin Mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀: má ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ keje, ìyẹn Sátidé, ìwọ, ọmọ rẹ, ẹrú rẹ, títí dórí ẹran ọ̀sìn rẹ. Ṣùgbọ́n kí ló ń jẹ́ iṣẹ́? Ibẹ̀ ni gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, to iṣẹ́ tó di èèwọ̀ sí oríṣi 39: ìkórè wà níbẹ̀, pípo ìyẹ̀fun, dídá iná, títa okùn ní kókó, àti títú kókó náà.

Òfin yìí ní ibi tí ó ti ń yà. Nígbà ogun àwọn Mákábì, ìyẹn àwọn Júù tó dìde sí ọba Gíríìkì tó ń jẹ gàba lé wọn lórí, ní nǹkan bí ọdún 167 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọ̀tá ká àwọn Júù kan mọ́ aginjù lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọn kò ju òkúta kan padà. Nǹkan bí 1,000 ló kú, tọmọdé tàgbà. Nígbà tí Mátátíà, olórí àwọn Mákábì, àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́, wọ́n ní bí ogun bá dé lọ́jọ́ náà, àwọn á jà. Nígbà tó yá, àwọn rábì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: bí ó bá kàn ṣe iyèméjì ni pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu, ẹ̀mí ló ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn Júù bá Jésù jà torí pé ó ń woni sàn lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ ni. Ẹni tó lè dúró di ọ̀la ni. Nínú Lúùkù orí 13, obìnrin kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún 18, kò lè nàró rárá. Jésù wò ó sàn nínú sínágọ́gù lọ́jọ́ Ìsinmi. Inú bí olórí sínágọ́gù, ó ní ọjọ́ mẹ́fà ló wà fún iṣẹ́, kí wọ́n wá gba ìwòsàn nínú wọn. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà nítumọ̀: ohun tó ti wà fún ọdún 18 kò ní pa á mọ́jú. Jésù ní, ta ni nínú yín tí kì í tú màlúù rẹ̀ ní ibùso lọ́jọ́ Ìsinmi kó lọ mumi? Òùngbẹ màlúù kò pẹ́ ju àná lọ, ìyà obìnrin náà ti di ọdún 18. "A tú ọ sílẹ̀" ni Jésù sì ti kọ́kọ́ wí fún obìnrin náà.

Bí èèyàn ṣe lè ṣàánú ẹran ọ̀sìn lọ́jọ́ Ìsinmi kì í ṣe ohun tí gbogbo Júù fẹnu kò lé. Ìwé ẹgbẹ́ Júù kan, tí wọ́n rí nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú, kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni yọ ẹran tó já sí kòtò lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí Constantine, olú ọba Róòmù, sọ ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìsinmi ní ọdún 321, ó yọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, kí àkókò iṣẹ́ oko má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn Presbyterian náà yọ iṣẹ́ àánú àti iṣẹ́ tí kò ṣeé má ṣe sílẹ̀.

Àwọn Adventist, ìjọ Kristẹni tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé, ti ń se oúnjẹ, wọ́n ti ń lọ aṣọ láti ọjọ́ Ẹtì kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn wọn kì í ti ilẹ̀kùn: aboyún ń bímọ, nọ́ọ̀sì ń gún abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ abẹ tó lè dúró ni wọ́n ń sún di ọjọ́ mìíràn, dókítà ló sì máa wo aláìsàn kó tó sọ èyí tó lè dúró.