NEWS kì í ṣe North East West South, ẹ jọ̀ọ́

Wọ́n tún ti gbé e wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, a ò tíì múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó ti balẹ̀ sínú grúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp, mẹ́sẹ́ẹ̀jì gígùn yẹn tó máa ń sọ full meaning ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wa, pé NEWSPAPER ni North East West South Past And Present Events Report, pé PEN ni Power Enriched in Nib, EAT ni Energy And Taste, títí dórí BYE. Àǹtí mi kan ló fi ránṣẹ́. Kí n tó jí, àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tiẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kì í tán.

Ẹ má rò pé mo kórìíra irú nǹkan yìí o, èmi gan-an fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ò wọ́pọ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ti ń kọ wọ́n sí láti JSS 2, tí mo bá sì rí ọ̀kan tí mi ò gbọ́ rí, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí mo rí owó he. Ẹ wo ultracrepidarian. Ẹni tó ń da ẹnu sí ohun tó kọjá ìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Crepida tó wà níbẹ̀, bàtà ni lédè Látìnì, torí wọ́n ní ayàwòrán kan wà ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ tó ń jẹ́ Apelles, oníbàtà kan wo àwòrán rẹ̀ ó ní bàtà tó yà síbẹ̀ ò pé, Apelles gbà, ó tún un ṣe, nígbà tó dọjọ́ kejì oníbàtà tún dé, ó ní ẹsẹ̀ gan-an ò dáa, ni Apelles bá ní kò gbọdọ̀ kọjá bàtà o. Ní 1819 òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, William Hazlitt, wá kọ ọ̀rọ̀ yìí sí olóòtú ìwé kan, William Gifford, láti fi bú u, Gifford yẹn sì ti kọ́ṣẹ́ bàtà rí nígbà tó wà lọ́mọdé! Gbogbo ìjà yẹn nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti tọ́ irú ẹ̀ wò, ẹ wá lọ gbé Energy And Taste fún un.

Ká padà sórí NEWS, torí òun ló ń pẹ́ jù lẹ́nu wọn. Mi ò fẹ́ máa ṣàlàyé pé new ló ti wá, N-E-W, tuntun, ó wà lójú gbogbo wa. S tó kù yẹn ni wọ́n fi máa ń dí mi lẹ́nu. Ní Praimárì 5, tíṣà wa ya àgbélébùú sójú bọ́ọ̀dù, ó fi lẹ́tà sí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo béèrè pé ṣé kì í ṣe new ni, ó ní "kí wá ni S ń ṣe níbẹ̀?" mi ò lè dáhùn, mo sì kúnlẹ̀ fún àṣejù. Ó pẹ́ kí n tó rí ìdáhùn. S yẹn náà ló wà nínú goods. Good, ohun tó dáa, goods, ẹrù. Sweet, ohun tó dùn. Sweets, súìtì tí ẹ̀ ń rà fọ́mọ. Òyìnbó á mú ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, á fi S ọ̀pọ̀ sí i lẹ́yìn, ó ti di orúkọ nǹkan nìyẹn. News, àwọn ohun tuntun. Ẹ bi àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Pọ̀tọ̀nóvò tí wọ́n ń sọ Faransé, nouvelles ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn ohun tuntun náà ni. Gúúsù dà nínú nouvelles?

Àti pé nígbà àtijọ́, newes ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́. Lẹ́tà márùn-ún. E kejì yẹn ńkọ́, ìlà-oòrùn méjì ni wọ́n ní nígbà yẹn àbí? Shakespeare pàápàá kọ these news níbì kan, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n kà á sí, kó tó di pé tíṣà ń nà wá torí news are. Mo tún ń rò ó, ẹni tó bá ń yípo ayé láti àríwá, tó bá kúrò ní ìlà-oòrùn, ṣebí gúúsù ló kàn? NESW ló yẹ kó jẹ́. Ta ló fò kọjá gúúsù, kí ló ń sá fún?

Àwọn tó kàwé díẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, kì í ṣe WhatsApp ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwé ewì ẹ̀fẹ̀ kan tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1640 ti fi àríwá àti gúúsù yẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn láti ìparí àwọn ọdún 1300, wọ́n kàn fi dápàárá ni, àwa wá sọ àpárá di síláàbọ́ọ̀sì.

Mo rò pé ohun tó jẹ́ kó tètè wọ̀ wá lára ni pé ọ̀rọ̀ tiwa ṣeé tú. Ẹ tú Babátúndé, ẹ ó rí i pé bàbá tún dé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ló ń jáde níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1859, Ìwé Ìròhìn ló pè é, ẹ wá mú àríwá, ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù, ẹ kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ. À-Ì-Ì-G. Ẹ pè é kí n gbọ́.

Mi ò ní gbogbo ẹ̀ nirọ́ ṣá o. Radar jẹ́ ìkékúrú lóòótọ́, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1940, laser náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà tuntun nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó bá ti dàgbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ẹ fura sí full meaning rẹ̀. Golf tí wọ́n ní Gentlemen Only Ladies Forbidden ni, pé ó lé obìnrin síta, àwọn aṣòfin Scotland ti fòfin dè é ní 1457, torí kí àwọn ọkùnrin lè ráyè kọ́ ọfà títa. Ní ti posh, ọ̀rọ̀ fún nǹkan olówó ńlá, tí wọ́n ní Port Out Starboard Home ni, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jà lórí ibi tó ti wá, nítorí náà mi ò ní búra, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kò tíì sẹ́ni tó mú ẹyọ kan jáde.

Èyí tó bà mí lẹ́rù nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì àǹtí mi ni COLD, tí wọ́n ní Chronic Obstructive Lung Disease ni. Àìsàn yẹn wà lóòótọ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le ni, sìgá àti èéfín igi ìdáná ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń fà á. Ọ̀fìnkìn kọ́. Òtútù lásán ni cold, torí bí ọ̀fìnkìn ṣe ń ṣe èèyàn jọ ti ẹni tí òtútù mú. Àbúrò mi kan tí imú ẹ̀ ń ṣe omi ti ń bi wá nínú grúùpù bóyá kóun lọ ya ẹ̀dọ̀fóró. Mo ní kó fara balẹ̀, àmọ́ tí ikọ́ bá wọ̀ ọ́, tó sì pé ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣàyẹ̀wò, kó má dúró de mẹ́sẹ́ẹ̀jì.