Sísọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kúkúrú di ilé gbígbé

Sísọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kúkúrú di ilé gbígbé ni iṣẹ́ títú àga àti ohun èlò akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú bọ́ọ̀sì tí ilé-ìwé ti lò tì, kí wọ́n lè to ibùsùn, ibi ìdáná, iná àti omi sí i. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ó ti wọ́pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n dìídì kàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀. "Skoolie" ni àwọn tó ń ṣe é ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà gùn, ìbáà kúrú.

Ọkọ̀ náà gan-an

Ní ọdún 1939, Frank W. Cyr, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Teachers College, Yunifásítì Columbia, New York, pe ìpàdé kan tí wọ́n ti fẹnu kò lórí ìlànà 44 fún bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Àwọ̀ ìyeyè wà lára wọn. Èyí tó kan ẹni tó fẹ́ máa gbé inú ọkọ̀ jù ni òfin ààbò ọkọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní FMVSS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1977. FMVSS 220 sọ pé òrùlé gbọ́dọ̀ lè gba ẹrù tó tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìwúwo ọkọ̀ náà nígbà tó ṣófo. FMVSS 221 sì sọ bí oríkèé páànù ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Ìdí nìyẹn tí egungun irin fi yí inú rẹ̀ ká láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí rívẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì lóǹkà. Ẹni tó bá gé egungun yìí nítorí àtifi wíńdò ńlá sí i ti gba agbára lọ́wọ́ òrùlé, àfi bí jórinjórin bá jó irin mìíràn sí ipò rẹ̀.

Ẹ̀yà mélòó kan ni wọ́n pín bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sí; ẹ̀yà A (Type A) ló pọ̀ jù nínú àwọn kúkúrú. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń ṣe iwájú àti ṣásí (egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀), irú bíi Ford E-450 tàbí Chevrolet Express. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á wá kan ara bọ́ọ̀sì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn awakọ̀ lápá òsì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀yà C kúkúrú náà wà, tí imú rẹ̀ yọ síwájú. Ó rọrùn láti tún ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ṣe, nítorí nínú ẹ̀yà A, apá kan ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìdérí láàrin ìjókòó méjèèjì iwájú. Nínú àwọn tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì Ford 7.3 lítà tó wà nínú wọn títí di 2003 ni mẹkáníìkì máa ń yìn jù, 6.0 lítà tó rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí èyí tí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó.

Nínú àwọn tó ní táyà méjì-méjì lẹ́yìn, ìbú inú ọkọ̀ máa ń súnmọ́ ínṣì 90, ìyẹn mítà 2.3. Gíga rẹ̀ láàrin máa ń wà láàrin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà àti ínṣì mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ máa ń ku nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí márùn-ún tó ṣeé gbé.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Abẹ́ ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, kì í ṣe inú rẹ̀. Ibi tí ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ jù ni àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, ìbòrí táyà ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pàjáwìrì, àti ibi tí egungun ògiri ti pàdé ilẹ̀. Wọ́n á fi ẹnu súkúdíráfà gún un. Bí ìpẹtà bá kàn ń bó bí èépá, ó ṣeé wò sàn. Bí ẹnu súkúdíráfà bá wọlé, páànù ti jẹrà. Ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín máa ń burú ju èyí tó ti aṣálẹ̀ wá lọ, bí máìlì rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Títú inú rẹ̀

Ẹsẹ̀ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àárín ni bóòtù fi dè mọ́ ilẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ọkọ̀. Apá kejì jókòó sórí irin gbọọrọ tó wà lára ògiri. Ẹnì kan á wà lábẹ́, ẹnì kan á wà lókè. Bóòtù tó ti dípẹtà kì í gbọ́ ti sípánà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìgérin gé. Kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn bo gíláàsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ta iná irin máa ń rì sínú gíláàsì, ó máa ń di àmì dúdú wínníwínní tí ọṣẹ kankan kì í ṣí.

Ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà lábẹ́ àga ń lo omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí róòbà rẹ̀ nítòsí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi náà á dà sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ti wáyà gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì kì í jí bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn pàjáwìrì mọ́ inú. Ẹni tó bá gé wáyà ìkìlọ̀ tó so mọ́ ilẹ̀kùn yìí láìmọ ibi tó ń lọ lè rò pé bátìrì ló kú. Kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gé e.

Ìpẹtà àti jíjò

Lábẹ́ róòbà tó bo ilẹ̀ ni pákó pílàíwúùdù wà, páànù irin sì wà lábẹ́ pákó. Omi tó ń jò láti ara wíńdò máa ń gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró láàrin pákó àti irin, kò sì ní rí ibi gbẹ. Fún ìdí èyí, yíyọ pákó náà bọ́gbọ́n mu bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Kíkan ilẹ̀ tuntun lé e lórí dà bí fífi ewé bo egbò.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti há ìpẹtà tó ń bó kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì wáyà, wọ́n á fi oògùn ìpẹtà tó ní ásíìdì fọsifọ́ríìkì pa á. Ásíìdì yìí máa ń sọ ìyókù ìpẹtà di dúdú. Bó bá ti gbẹ tán ni wọ́n á kun ọ̀dà ìdènà ìpẹtà, ìlọ́po méjì ó kéré tán. Ihò bóòtù àga máa ń tó ọ̀pọ̀ dọ́sìnnì. Èyí tó kéré ni wọ́n ń fi páànù róbótó àti gọ́ọ̀mù polyurethane dí lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, iṣẹ́ jórinjórin ni. Kí wọ́n tó jó irin lára ọkọ̀, ẹsẹ̀ bátìrì méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí iná náà lè ba kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí páànù bá ní síńkì lára, kí wọ́n há a kúrò ní ojú ibi tí wọ́n fẹ́ jó, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ máa ń fa ibà.

Láti mọ ibi tí wíńdò ti ń jò, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi róòbà omi wọ́n, kí wọ́n tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, tí ẹnì kan á sì máa wo inú. Bí omi bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara ògiri á tutù, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ojú ihò. Sílíkónì kò dára níbi tí wọ́n máa kùn lọ́dà, nítorí ọ̀dà kì í dì mọ́ ọn.

Ìdènà òtútù àti ìrì

Èémí ẹni tó ń sùn àti ooru ìkòkò máa ń lọ bá irin tutù, á sì di omi. Ìrì yìí ló ń ba bọ́ọ̀sì jẹ́ ju òjò lọ, nítorí ẹ̀yìn pákó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òwú fíbà tí ilé-iṣẹ́ kì sínú ògiri máa ń mu omi náà, kí wọ́n yọ ọ́ dànù. R ni òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà òtútù tó; bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó. Fọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ XPS ń fúnni ní nǹkan bíi R-5 fún ínṣì kan, èyí tí wọ́n ń fọ́n tó sì ń le gbagidi ń fúnni ní R-6 sí R-7. Èyí tí wọ́n ń fọ́n ló dára jù fún ara bọ́ọ̀sì tó tẹ̀, torí pé kò fi àlàfo sílẹ̀ láàrin ara rẹ̀ àti irin tí ìrì lè gbà wọlé. Egungun irin fúnra rẹ̀ ń gbé òtútù wọlé, nítorí náà wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí igi sí àárín rẹ̀ àti pákó ògiri.

Ọkọ̀ kúkúrú kò ní gíga tí wọ́n lè fi ṣòfò. XPS ínṣì kan àti pákó ìdajì ínṣì lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ínṣì kan lábẹ́ àjà, ti gba ínṣì méjì àbọ̀. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà á máa tẹrí. Fáànù òrùlé, tí ihò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 14 sí 14, kì í ṣe àfikún ọlọ́lá: òun ló ń lé ọ̀rinrin jáde.

Iná

Bátìrì ilé máa ń dá dúró yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Bátìrì lithium LiFePO4 kan tó jẹ́ 12.8V àti 100Ah ní agbára 1,280 wáàtì-wákàtí; bátìrì ásíìdì 100Ah kò ṣeé lò ju ìdajì lọ bí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́. Fíríìjì 12V tó ń jẹ 45 wáàtì, tó sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, á jẹ 540 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba iná sí LiFePO4 lára nígbà tó bá tutù ju 0°C lọ. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ọ́tánetọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ọkọ̀ ní iná) tààrà, ó lè gba iná mọ̀nàmọ́ná púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ débi tí ọ́tánetọ̀ á fi gbóná jó. Ẹ̀rọ DC-DC, tó ń díwọ̀n iná náà, ni wọ́n ń fi sáàárín wọn. Fúùsì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ súnmọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí: wáyà tó wà ṣáájú fúùsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Omi, gáàsì àti àga

Lítà omi kan wúwo kìlógíráàmù kan. Nítorí náà, táǹkì lítà 80 yẹ kó súnmọ́ ásùlù (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀). Gáàsì propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn rẹ̀ máa ń wà, àpótí sílíńdà sì gbọ́dọ̀ ní ihò sí ìta. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, jẹ́ ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti inú ilé, àfi pé ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dè mọ́ egungun irin, kí dúrọ́ọ̀ sì ní ìkọ́.

Ìwúwo àti òfin

Àpapọ̀ ìwúwo tí ọ̀pọ̀ E-450 lè gbé, ọkọ̀ àti ẹrù, kò ju pọ́n-ùn 14,500 lọ, nǹkan bíi kìlógíráàmù 6,577. Kí wọ́n wọn ásùlù iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ pọ̀ jù. Òfin Amẹ́ríkà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń béèrè pé kí wọ́n yọ apá ìdúró (pátákó STOP tó ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀) àti iná pupa tó ń ṣẹ́jú, kí wọ́n pa orúkọ "School Bus" rẹ́, kí wọ́n sì yí àwọ̀ ìyeyè padà. Láti yí ìwé ọkọ̀ sí ilé alágbèéká, wọ́n máa ń wo ibi ìdáná, ibùsùn, omi àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kí ibùsùn tó wà lẹ́yìn má dí ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan lè sọ pé àwọn kò gba ọkọ̀ náà kó tó di pé iṣẹ́ parí, nítorí náà kí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n sì máa ya fọ́tò wáyà àti páìpù kí pákó tó bò wọ́n.